Owó àti Ọgbọ́n nínú Sinimá Àwọn Ará Fílípínì

Nígbà tí mo lọ kí ọmọ mi obìnrin ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ó ti ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ alẹ́ wá kí mi. Ọmọ ilẹ̀ Fílípínì ni. ‘Tito’ ni ó ń pè mí. Mo béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Ó ní bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò bàbá ẹni ni, òun kò sì lè pe àgbà lórúkọ. Inú mi dùn. Òun ni ó fi fíìmù Hello, Love, Goodbye hàn wá, èyí tí Cathy Garcia-Molina darí ní ọdún 2019.

Joy jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ní Hong Kong, ó sì ń wá ọ̀nà àtilọ sí Kánádà. Ethan, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń gbé ọtí fún oníbàárà, fẹ́ kí ó dúró ti òun. Tagalog tí wọ́n ń sọ kún fún ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, irú àdàlù tí mo máa ń fi bírò pupa fàlà sí nídìí nínú iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Síbẹ̀ n kò rí ohun tí mo lè yọ kúrò níbẹ̀. Mo rò pé ìfẹ́ ni yóò borí. Joy lọ sí Kánádà. Àlejò wa sunkún, ọmọ tèmi náà sunkún. Èmi kọjú sí ògiri.

Ẹkún yìí ni ó ń pa owó. Fíìmù náà pa ju 800 mílíọ̀nù pẹ́sò lọ. Rewind, tí ó jáde ní Kérésìmesì ọdún 2023, tún pa jù ú lọ. Láti ọdún 1975 ni wọ́n ti ń ṣe àjọ̀dún sinimá ní Manila. Bí ó bá ti di 25 Oṣù Kejìlá, fíìmù òkèèrè a yàgò fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, ti ilé a gba gbọ̀ngàn. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni èmi ìbá tọrọ fún fíìmù Yorùbá!

Ṣùgbọ́n ní ọdún 2024, wọ́n ṣe Hello, Love, Again, níbi tí Joy àti Ethan ti tún pàdé ní Kánádà. Òun ni fíìmù Fílípínì àkọ́kọ́ tí ó pa ju bílíọ̀nù kan pẹ́sò. Lójú tèmi, ìgboyà ìparí ti àkọ́kọ́ ni ọjà ní kí wọ́n wá dá padà. Ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù nípa ọjọ́ iwájú wọn nìyẹn.

Kì í ṣe pé ọgbọ́n tán nílẹ̀ wọn. Lino Brocka, tí ìjàǹbá ọkọ̀ pa ní ọdún 1991, a máa ṣe fíìmù ẹlẹ́kún fún àwọn olówó kí ó lè rí ààyè ṣe tirẹ̀. Wọ́n fi Insiang rẹ̀ hàn ní Cannes ní ọdún 1978. Ní ọdún 2016, Ang Babaeng Humayo tí Lav Diaz darí gba Kìnnìún Wúrà ní Venice. Ìtumọ̀ àkọlé náà ni ‘Obìnrin tí ó lọ’, bí ẹni pé ti Joy ni. Charo Santos-Concio, ẹni tí ó ti ṣe olórí ABS-CBN, ilé-iṣẹ́ tí ó ni Star Cinema tí ó ṣe fíìmù Joy, ni ó kó ipa obìnrin náà. Ògiri tí ó wà láàárín owó àti ọgbọ́n kò nípọn tó bí a ti ń rò.

Mo ní kí àlejò wa wá fíìmù náà kí a jọ wò ó. Ó bi mí bí ó ti gùn tó. Mo ní ó sún mọ́ wákàtí mẹ́rin.

“Wákàtí mẹ́rin! Tito, alẹ́ ni mo ń ṣiṣẹ́.”

Ó sì kọ àkọlé rẹ̀ sínú fóònù rẹ̀.