Pẹ̀rẹ̀gún Inú Díìsìkì

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ má jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu pé èmi tí mo ń kọ́ nípa èdè ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà nínú ìwé wa yìí. Èdè náà ni ó gbé mi débẹ̀. Ní ọdún 1991, Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ bí tiwa ní Yunifásítì Helsinki ní ilẹ̀ Finland, kọ ìpilẹ̀ ètò tí a ń pè ní Linux, ó sì fi í síta kí ẹnikẹ́ni lè ka bí ó ti kọ ọ́. Nígbà tí ó di 1999, Gerard Beekmans bẹ̀rẹ̀ ìwé kan tí ń jẹ́ Linux From Scratch, èyí tí ń kọ́ ènìyàn bí yóò ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ Linux tirẹ̀ láti ìpilẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni ìwé náà. Mo ní n ó ṣe é nígbà ìsinmi.

Ẹni tí ó ra àmàlà jẹ lọ́jà kò mọ irú iṣu tí wọ́n fi ro ó. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ètò kọ̀ǹpútà tí a gbà ní sísè. Ẹni tí yóò kọ́ ọ fúnra rẹ̀ ní láti bẹ̀rẹ̀ láti orí iṣu, èyíinì ni ọ̀rọ̀ tí ènìyàn fi ọwọ́ kọ ní èdè bíi C. Kọ̀ǹpútà kò gbọ́ C, òǹkà 0 àti 1 nìkan ni ó gbọ́. Ògbufọ̀ ni ó ń bá wọn túmọ̀, GCC sì ni orúkọ ògbufọ̀ tí ìwé náà ń lò. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀. `./configure` yóò yẹ ilé ìdáná wò bóyá ohun gbogbo pé. `make` yóò sè é. `make install` yóò sì bù ú sínú àwo, yóò gbé e sí ibi tí ó yẹ.

Ìṣòro kan wà níbẹ̀. GCC fúnra rẹ̀ jẹ́ ètò tí a fi èdè kọ. Ta ni yóò túmọ̀ ògbufọ̀? Bí ẹni tí kò ní iná ti ń lọ fọnná nílé aládùúgbò, a ó yá ògbufọ̀ tí ó wà lórí Linux tí a ń lò tẹ́lẹ̀, a ó fi kọ́ ògbufọ̀ ìgbà díẹ̀, ti ìgbà díẹ̀ yìí ni yóò sì kọ́ èyí tí yóò wà títí.

Ṣùgbọ́n a kì í kọ́lé sí ojú ọ̀run. A ní láti kọ́kọ́ gé ilẹ̀ fún un nínú díìsìkì, kí ó má baà ba ohun tí a ń lò jẹ́. Tábìlì kékeré kan wà ní ìbẹ̀rẹ̀ díìsìkì tí ń sọ ibi tí ìpín kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó parí sí. Pẹ̀rẹ̀gún tí àwọn baba wa ń gbìn sí ààlà oko ni mo fi wé. Tábìlì àtijọ́, MBR, kò gbà ju ìpín àkọ́kọ́ 4 lọ. GPT tí a ń lò nísinsìnyí ń gba 128. `fdisk` ni mo fi gé tèmi, 30 GB. Ohun tí ó dára nípa `fdisk` ni pé gbogbo ohun tí ènìyàn bá sọ fún un, inú ni ó ń gbé e sí títí a ó fi tẹ `w`. Lẹ́yìn `w`, ẹyin lohùn: bí ó bá bọ́, fífọ́ ní ń fọ́.

Díìsìkì méjì ni mo so mọ́ kọ̀ǹpútà mi. Èkíní tóbi, òfìfo ni. Èkejì kéré, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ni ohùn ìyá bàbá mi wà: oríkì orílẹ̀ àti ìtàn ilé wa, fáìlì 6, tí mo fi ìsinmi méjì gbà lẹ́nu wọn fún àpilẹ̀kọ ìparí ẹ̀kọ́ mi. Ní alẹ́ ọjọ́ kan mo rí i pé `sdb` ni díìsìkì ńlá ń jẹ́. N kò mọ̀ pé Linux kì í so orúkọ bẹ́ẹ̀ mọ́ díìsìkì títí láé. Bí ó bá ti rí wọn nígbà tí ẹ̀rọ ń jí ni ó ń sọ wọ́n lórúkọ. Ní ọjọ́ kejì, orúkọ ti yí, èmi kò sì wò ó. Mo tẹ `fdisk /dev/sdb`. Ẹ̀rọ náà bi mí léèrè: nǹkan wà níbí tẹ́lẹ̀, ṣé kí n pa àmì rẹ̀ rẹ́? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo tẹ `w`. Mo fi `mkfs.ext4` tẹ́ ilẹ̀ tuntun, mo sì fi ọjọ́ méjì gbáko kọ́lé lórí rẹ̀ tayọ̀tayọ̀.

Ní ọjọ́ kẹta ni mo fẹ́ gbọ́ oríkì. Mo ṣí díìsìkì ńlá, òfìfo ni. Mo ṣí kékeré, Linux mi ni mo bá níbẹ̀. Ẹsẹ̀ mi gbọ̀n. Akẹ́kọ̀ọ́ àgbà kan ní ẹ̀ka kọ̀ǹpútà là mí lóye pé ẹni tí ó fa pẹ̀rẹ̀gún tu kò tíì wa iṣu inú ebè. Ẹni tí ó tún oko náà kọ ni ó ba iṣu jẹ́. Ó fi ètò kan tí ń jẹ́ PhotoRec wá a. Fáìlì 2 jáde ní pípé. GCC mi ti kọ ara rẹ̀ sórí àwọn 4 tó kù.

Mo wọ mọ́tò lọ sílé ní ọjọ́ Sátidé. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, “Màmá, ẹ forí jì mí, mo ti sọ ohùn yín nù.”

Wọ́n wò mí títí. “Àlàó, ohùn mi kọ́ nìyí? Jókòó.”

Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Mẹ́ta padà bọ̀ sípò, ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ gùn ju ti àtijọ́ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan oríkì ilé ìyá wọn, èyí tí ẹ̀gbọ́n wọn tó ti di olóògbé kọ́ wọn, wọ́n sọ ọ́ dé ìdajì, wọ́n dákẹ́.

“Ó wà lẹ́nu mi lọ́dún tó kọjá,” wọ́n ní. “Kò sí níbẹ̀ mọ́.” Wọ́n dìde, wọ́n lọ wo ọbẹ̀ tó wà lórí iná.

Mo parí Linux mi lẹ́yìn náà, lórí díìsìkì tó yẹ. Ní òru ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ jí, tí `login:` yọ lójú ẹ̀rọ, inú mi dùn, ṣùgbọ́n kò dùn tó bí mo ti rò. Bí ó bá bàjẹ́ lọ́la, n ó tún un kọ́, nítorí ohun tí a fi kọ́ ọ wà níta fún gbogbo ayé. Ìdajì oríkì tí ó kù náà kò sí níbì kankan. Àyè rẹ̀ ṣófo nínú àpilẹ̀kọ mi, mo sì kọ ìdí rẹ̀ síbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, kí ó tẹ `lsblk` kí ó sì wo bí díìsìkì ti tóbi tó, kí ó má gbẹ́kẹ̀ lé orúkọ. Kí ó yọ díìsìkì tí kò bá ní í lò kúrò lára ẹ̀rọ. Bí ẹ̀rọ bá bi í ní ìbéèrè, kí ó kà á kí ó tó dáhùn. Ẹni tó bá sì ní ìyá àgbà nílé, kí ó lọ gba ohùn wọn sílẹ̀ ní ìsinmi tó ń bọ̀ yìí, kí ó sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sí ibi mẹ́ta.