Ẹ̀rí Tí Kì Í Parí

Ẹni tó bá fẹ́ mu ọtí ní Ajégúnlẹ̀ kò ní rìn jìnnà. Láti Bọ́ńdírì dé Tólú, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ni tábìlì àwọn oníparaga ti kún: ògógóró tí wọ́n rẹ egbò àti èèpo igi sí, àti ọtí inú ọ̀rá tí èèyàn kàn máa fi eyín ya. Ní Àpápá, níbi tí tírélà ti ń tò kí wọ́n tó wọ èbúté Tin Can, wọ́n ń gbé e wá bá awakọ̀ lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ ni. Ẹni tó sun orí ìjókòó mọ́jú, tí ẹ̀fọn fi ṣe oúnjẹ, kò nílò kí wọ́n rọ òun kó tó rà á. Lóṣù Kejì ọdún 2024, àjọ NAFDAC bẹ̀rẹ̀ sí í fi òfin de ọtí inú ọ̀rá, lórí àdéhùn tí wọ́n ti ṣe láti 2018. Àwọn òṣìṣẹ́ fẹ̀hónú hàn, ìjọba sì sún un di oṣù Kejìlá ọdún 2025.

Ibi tí ẹni tó fẹ́ jáwọ́ máa gbà ni kò hàn. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi tó ń wa tírélà ní ọtí ti sú àwọn, ọ̀nà méjì ni ẹbí mọ̀: orí òkè àdúrà, àti ilé oníṣègùn tí yóò po nǹkan mọ́ ọtí kí wọ́n lè kórìíra rẹ̀. Ìyàwó wọn gbìyànjú méjèèjì. Èmi ní tèmi ní kí á rí dókítà ná, torí ẹni tí ọtí ti wọ̀ lára, tó wá dá a dúró lójijì, gìrì lè mú un, ó tilẹ̀ lè kú. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ ti wà ní Yábàá láti 1907, ṣùgbọ́n ìlú tó ń fi “Yaba left” bú ara wọn, ta ni yóò fẹ́ kí aládùúgbò rí òun lẹ́nu géètì yẹn? A ṣáà lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ fún wa nípa Alcoholics Anonymous, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mùtí tó fẹ́ jáwọ́, tí wọ́n ń pè ní AA.

A kò rí ìpàdé wọn kankan nítòsí ilé. Ọkọ̀ méjì la wọ̀ dé yàrá kíláàsì kan tí kò sí àmì lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ìpàdé kan wà fún àwọn tó ń bá ọtí fà á nìkan. Òmíràn wà tí ẹbí lè bá wọn jókòó, irú rẹ̀ ni mo bá ẹ̀gbọ́n mi lọ. Ohun tí ẹnikẹ́ni sọ níbẹ̀ kò ní tẹnu mi jáde. Ìṣe wọn ni mo lè ròyìn. Kò sí fọ́ọ̀mù, kò sí owó ìwọlé. Orúkọ kan péré lèèyàn ń dá, ìyẹn ò sì ṣòro fún ará Ajégúnlẹ̀: nínú ilé tí Ìjọ̀, Ìgbò, Ùròbò àti Ìlàjẹ jọ ń gbé, Bàbá Bọ́sẹ̀ la mọ̀, ta ló mọ orúkọ bàbá rẹ̀? Bí ẹnì kan bá ń sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó ń dá sí i, kò sẹ́ni tó ń gbà á nímọ̀ràn.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ẹni tí kò fẹnu kan ọtí láti ọdún gbọọrọ ṣì ń pe ara rẹ̀ ní ọ̀mùtí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìgbà tí Ọlọ́run bá ṣe é tán la ń jẹ́rìí. Ìjọ á pàtẹ́wọ́, akọrin á gbè é. Ẹ̀gbọ́n mi ti jẹ́ irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí ọtí tún gbé wọn ṣubú, ìtìjú kò jẹ́ kí wọ́n lè yọjú sí ìjọ mọ́ fún ìgbà pípẹ́. Níbi ìpàdé yìí, ẹni tó ṣubú lánàá lè padà wá lónìí, kó sì sọ ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyàwó wọn gbọ́ ohun tí wọ́n ń pe ara wọn, obìnrin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún: “Bàbá Fúnmi, ẹ má fi ẹnu ara yín pe ibi!” N kò lè dá a lẹ́bi. Ilé tí wọ́n ti ń ṣọ́ ohun tí ẹnu ń sọ ni wọ́n ti tọ́ gbogbo wa.

Bí AA ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí: ní oṣù Karùn-ún ọdún 1935, ọmọ Amẹ́ríkà kan, Bill Wilson, wà ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní ìlú Akron. Òwò tó bá wá ti dojú rú, ọtí ń pè é. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwọn àlùfáà ìlú láago, títí wọ́n fi mú un dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ abẹ kan, Bob Smith, tí ọtí ń bà jẹ́ lọ. Ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹfà ọdún náà ni Smith mu ọtí ìkẹyìn, ọjọ́ yẹn ni AA sì kà sí ọjọ́ ìbí wọn. Ohun tó wú mi lórí ni pé kì í ṣe ẹni tí yóò ran òun lọ́wọ́ ni Wilson ń wá. Ẹni tí òun yóò ràn lọ́wọ́ ló ń wá, kí ẹsẹ̀ tirẹ̀ lè dúró. Ẹ̀gbọ́n mi náà ní àgbàlagbà kan nínú ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè nígbà tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá dá wọn dúró ní Àpápá di òru. Ní báyìí, àwọn awakọ̀ tó kéré sí wọn ti ń pe ẹ̀gbọ́n mi náà.

Pásítọ̀ ìjọ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí ẹ̀gbọ́n mi wá jẹ́rìí níbi ìdúpẹ́. Inú ìyàwó wọn dùn, ó ti ń wá aṣọ tó máa wọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní ọ̀rọ̀ náà kò tíì parí. Pásítọ̀ bi wọ́n pé ìgbà wo ni yóò parí. Wọ́n ní kì í parí, pé bí ọ̀mùtí méjì tàbí mẹ́ta bá ti péjọ láti jáwọ́, wọ́n ti di ẹgbẹ́. Wọ́n wá bi í bóyá ẹnikẹ́ni ń lo yàrá kékeré ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì nírọ̀lẹ́ Ọjọ́rú.