Ilé kan létí òkun ní Agbodrafo

A lọ, a sì ti bọ̀. Àwa márùn-ún ni a wọ ọkọ̀ ní Àjàṣẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. A gba Kútọnu, Wídà àti Grand-Popo kọjá, a fi ìwé hàn ní ẹnubodè Hilla-Condji. Láti ibẹ̀ dé Agbodrafo kò jìnnà mọ́. Ìlú kékeré ni, ó wà láàrin òkun àti adágún Togo. Orúkọ tí àwọn Potogí fún un ni Porto Seguro, èyí tí í ṣe èbúté ààbò. Àwa tí a ti Porto-Novo wá, èyí tí í ṣe èbúté tuntun, a mọ̀ wọ́n dáadáa: ìlú onílùú ni wọ́n ń sọ lórúkọ.

Wood Home ni wọ́n ń pe ilé tí a wá wò. Orúkọ John Wood, oníṣòwò òyìnbó láti Bìrìtéènì, ni ó ń jẹ́, nǹkan bí ọdún 1835 ni wọ́n sì kọ́ ọ. Ká sọ òtítọ́, nígbà tí a kọ́kọ́ rí i, kò bà wá lẹ́rù. Ó jọ àwọn ilé Àgùdà tí ó wà ládùúgbò wa. Ìyá àgbà tí ó bá wa lọ tilẹ̀ sọ pé, “Ẹ wò ó, bí ilé bàbá ìyá mi ni ó rí.”

Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń mú àlejò káàkiri mú wa wọlé. Pákó ni wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀. Ó ṣí apá kan nínú pákó náà, ihò sì yọ. A bẹ̀rẹ̀, a wọ inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti ilẹ̀ dé abẹ́ pákó kò ju nǹkan bíi mítà kan ààbọ̀ lọ. Kò sí àgbàlagbà kan nínú wa tí ó lè nàró. A ní kí Ìyá àgbà dúró lókè, ó kọ̀. Ó jókòó sílẹ̀, ó ní kí a pa tọ́ọ̀ṣì.

Nígbà náà ni àwọn àlejò mìíràn wọlé sókè. A ń gbọ́ ẹsẹ̀ wọn lórí wa, a gbọ́ ẹ̀rín obìnrin kan, a gbọ́ ohun tí ó ń sọ. Eruku jábọ́ lé wa lórí. Bí àwa ti ń gbọ́ wọn yìí, ṣé àwọn tí ń gbé òkè nígbà náà kò gbọ́ àwọn tí ó wà nísàlẹ̀ ni?

Láti 1807 ni Bìrìtéènì ti fi òfin de òwò ẹrú, ọkọ̀ ogun rẹ̀ sì ń ṣọ́ òkun. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń rà á ní Bràsíìlì àti Kúbà kò tíì ṣíwọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi ènìyàn pamọ́ sábẹ́ ilé títí ọkọ̀ yóò fi dé. Ogun ń fọ́ ilẹ̀ Ọ̀yọ́ nígbà náà, ọ̀pọ̀ Ànàgó sì ni wọ́n kó gba etíkun wa yìí lọ.

Ní oṣù kìíní ọdún 1835 kan náà, àwọn Ànàgó tí wọ́n ti tà sí Bahia dìtẹ̀ sí àwọn olówó wọn. Lẹ́yìn èyí, ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ti gba òmìnira padà wá sí Agoué, Wídà àti Àjàṣẹ́. Àwọn ni baba ńlá ọ̀pọ̀ Àgùdà wa. Àwọn kan nínú wọn náà sì tún ta ènìyàn. A kì í sọ èyí níbi ìnáwó ìdílé.

Wọ́n fi kànga kan hàn wá, níbi tí wọ́n sọ pé àwọn ẹrú ti ń wẹ̀ kẹ́yìn kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ sí òkun. Láti 2002 ni Togo ti kọ ilé náà mọ́ àwọn ibi tí ó fẹ́ kí UNESCO kà sí ogún gbogbo ayé.

Nígbà tí à ń bọ̀, ọkọ̀ dúró ní Agoué láti ra ẹja. Ìyá àgbà kò sọ̀ kalẹ̀. Ó ní, “Ilé bàbá ìyá mi yẹn, pákó ni ilẹ̀ rẹ̀ náà.” Kò sí ẹni tí ó dá a lóhùn.

Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ, kí ó mú ìwé ìdánimọ̀ àti tọ́ọ̀ṣì dání, kí ó má sì wọ aṣọ funfun.