Kí Ẹ Tó Ra Rìmù fún Ọkọ̀ Akẹ́rù Ilé Yín

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ó lè yà yín lẹ́nu pé olùkọ́ ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ilé ni ó ń sọ̀rọ̀ rìmù lójú ewé yìí. Ṣùgbọ́n ní etíkun Àgbádárìgì níbi tí mò ń gbé, ohun èlò ilé ni ọkọ̀ akẹ́rù kékeré jẹ́, bí ìkòkò ti jẹ́ ohun èlò ilé. Òun ni ó ń gbé àgbọn àti ẹja lọ sí ọjà, òun náà ni ó ń gbé àwọn ọmọ lọ sí ilé ìwé. Inú àpò tí owó oúnjẹ ti ń jáde ni owó àtúnṣe rẹ̀ pẹ̀lú ti ń jáde.

Iyọ̀ wà nínú afẹ́fẹ́ òkun, a sì máa mú kí irin tètè dípẹtà. Bí ìpẹtà bá jẹ rìmù níbi tí etí táyà ti fara mọ́ ọn, afẹ́fẹ́ yóò máa jò díẹ̀díẹ̀ lóru, táyà yóò sì ti rọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ má tìtorí èyí sọ táyà tí ó ṣì dára nù. Láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ Michelin ní Port Harcourt ti dáwọ́ dúró ní 2007, tí ti Dunlop ní Ìkẹjà sì tẹ̀ lé e ní 2008, òkè òkun ni a ti ń kó táyà wá, owó rẹ̀ kò sì kéré. Rìmù tí yóò bá táyà mu ni kí ẹ wá.

Aládùúgbò mi kan, ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta tí ó ń ta àgbọn, fi owó àjọ rẹ̀ ra rìmù tòkunbọ̀ mẹ́rin fún Hilux ilé wọn. Ihò nọ́ọ̀tì mẹ́fà ni ó wà lára ti àtijọ́, mẹ́fà náà ni ó wà lára ti tuntun. Ó sanwó, ó sì kó wọn délé, ṣùgbọ́n wọn kò wọ ẹnu họ́ọ̀bù rárá. Ara Mitsubishi L200 ni wọ́n ti tú wọn. Lóòótọ́, ihò nọ́ọ̀tì ọkọ̀ méjèèjì tò sórí òbírí kan náà, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 139.7. Ṣùgbọ́n ihò àárín rìmù Hilux fẹ̀ tó nǹkan bí 106, ti L200 kò ju 67 lọ. Ọkọ rẹ̀ fẹ́ kí mẹkáníìkì fi fáìlì gbẹ́ ihò náà fẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má ṣe é. Ihò tí a fi ọwọ́ gbẹ́ kì í sábà wà ní àárín gan-an, irin ibẹ̀ yóò sì tín-ín-rín, bẹ́ẹ̀ òun ni ó gbé ẹrù àti ọmọ dúró. Ìdajì iye tí ó rà á ni ó padà tà á. Owó ilé ìwé sáà kan ni ó bá a lọ.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ ka ẹ̀gbẹ́ táyà yín. Bí ó bá jẹ́ 265/65R17, 265 ni fífẹ̀ rẹ̀ ní mìlímítà. 65 ń sọ pé gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 65 nínú 100 fífẹ̀ náà. 17 sì ni ìwọ̀n rìmù ní ínǹṣì. Rìmù 16 tàbí 18 kò lè gbà á. Fífẹ̀ rìmù náà ní ààlà: láti ínǹṣì 7.5 dé 9.5 ni táyà yìí gbà.

Lẹ́yìn náà, ẹ ka ihò nọ́ọ̀tì, kí ẹ sì wọn òbírí wọn. Ihò mẹ́fà ni Navara ti 2005 síwájú ní pẹ̀lú, ṣùgbọ́n òbírí tirẹ̀ jẹ́ 114.3. Ẹ wọn ihò àárín. Bí ẹ bá rí ET lára rìmù, ẹ fi iye tí ó tẹ̀ lé e wé ti àtijọ́. Bí ìyàtọ̀ bá pọ̀, táyà lè máa ha ara ọkọ̀ nínú, tàbí kí ó yọ síta. Ẹ bèèrè nọ́ọ̀tì tí ó tọ́ sí i, nítorí rìmù onírin a máa lo ẹlẹ́nu ṣóńṣó, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ rìmù álọ́ì Toyota ń lo ẹlẹ́nu pẹrẹsẹ tí ó ní wáṣà.

Bí ẹ bá ń lọ sí ọjà Ládípọ̀, ẹ gbé rìmù àtijọ́ kan dání. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bá ontajà ṣe àdéhùn pé yóò gbà á padà bí kò bá wọlé. Kí fọ́kanáísà tó de táyà mọ́ ọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ gbé rìmù lásán sórí họ́ọ̀bù. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti rin nǹkan bíi kìlómítà 50 sí 100, ẹ jẹ́ kí a tún àwọn nọ́ọ̀tì fún.

Ẹ kọ gbogbo ìwọ̀n wọ̀nyí sínú ìwé ìnáwó ilé yín, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwọ̀n bàtà àwọn ọmọ. Nígbà tí baálé bá ní òun ti rí rìmù tí ó jọ ti ọkọ̀ yín, ẹ ó lè ṣí ìwé náà fún un kí owó tó kúrò lọ́wọ́.