Ọjọ́ 21 Nínú Kọ̀ǹpútà: Àkọsílẹ̀ Ibà Lassa ní Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́

Láti ọdún 1969 tí wọ́n ti kọ́kọ́ dá ibà Lassa mọ̀ ní ìlú Lassa, tí ó wà ní ìpínlẹ̀ Borno lónìí, àrùn náà kò tíì fi ilẹ̀ yìí sílẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́ wà lára àwọn ibi tí ó ti ń jà jù. Gbogbo ènìyàn ló ti gbọ́ ìkìlọ̀ nípa eku àti gààrí tí wọ́n kò dé. Wọ́n sì mọ ilé ìwòsàn FMC Ọ̀wọ̀ tí wọ́n ń gbé àwọn aláìsàn lọ. Iṣẹ́ akọ̀wé tí ó jókòó ti kọ̀ǹpútà ni kì í sábà dé etí ará ìlú.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ńlá wà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá fara kan aláìsàn, ọjọ́ 21 ni wọ́n fi ń ṣọ́ ọ. Ta ni ó yẹ kí òṣìṣẹ́ ìlera lọ bẹ̀ wò ní àárọ̀ yìí? Ìjábọ̀ tí kọ̀ǹpútà tẹ̀ jáde ni yóò sọ ọ́.

Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni Microsoft Access wà fún. Fọ́ọ̀mù ń gba ọ̀rọ̀ wọlé, tábìlì ń tọ́jú rẹ̀, ìjábọ̀ ń gbé e jáde. Epi Info pàápàá, tí àjọ CDC ti Amẹ́ríkà gbé jáde ní 1985 fún àwọn tí ń tọpinpin àrùn, lè tọ́jú dátà rẹ̀ sínú fáìlì Access.

Àṣìṣe tí ó bá pariwo rọrùn láti mú. Bí #Name? bá yọ nínú àpótí kan, orúkọ tí àpótí náà ń wá kò sí nínú tábìlì ni. Ìjábọ̀ tí ó mọ́ tónítóní, tí ó sì ń parọ́, ni ó yẹ kó ba ènìyàn lẹ́rù.

Ká ní obìnrin kan ní Ìfọ́n fara kan aláìsàn ní ọjọ́ kejì oṣù kẹta. Akọ̀wé tẹ 02/03, bí wọ́n ti kọ́ gbogbo wa ní ilé ìwé. Ṣùgbọ́n ìlànà Amẹ́ríkà ni Windows inú kọ̀ǹpútà náà ń tẹ̀ lé, oṣù ni ó sì ń kọ́kọ́ kà: ó gbà pé ọjọ́ kẹta oṣù kejì ni. Lójú ìjábọ̀, ọjọ́ 21 obìnrin yìí ti pé kí ó tó rí aláìsàn náà rárá. Orúkọ rẹ̀ kò ní yọ. Ẹnikẹ́ni kò ní kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ohun tí ó burú níbẹ̀ ni pé bí akọ̀wé bá tẹ 13/03, kọ̀ǹpútà á rí i pé kò sí oṣù kẹtàlá, á sì tún un ṣe láì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìdajì tọ́, ìdajì wọ́, ojú kan náà ni gbogbo rẹ̀ sì ní.

Òmíràn tún wà: ìjábọ̀ tí ó so tábìlì aláìsàn mọ́ ti èsì àyẹ̀wò. Bí wọ́n bá so ó lọ́nà tí Access máa ń gbà so ó fúnra rẹ̀, ẹni tí èsì rẹ̀ kò tíì dé yóò pòórá nínú ìjábọ̀. Kí wọ́n tẹ ìlà tí ó so tábìlì méjèèjì lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n sì yan èyí tí yóò mú gbogbo aláìsàn wá, èsì dé o, èsì kò dé o.

Ti orúkọ ìlú kò gba àlàyé gígùn. "Owo", "Owo LGA" àti "Ọ̀wọ̀" di ìlú mẹ́ta nínú ìṣirò, nítorí náà kí fọ́ọ̀mù fúnni ní orúkọ tí a ó mú, kí ó má fi ààyè sílẹ̀ fún títẹ̀.

Ní ti ọjọ́, kí wọ́n yí ìlànà Windows padà sí ti Nàìjíríà, kí fọ́ọ̀mù sì máa fi lẹ́tà kọ oṣù, kí akọ̀wé lè rí ohun tí kọ̀ǹpútà gbọ́. Ìyẹn kò ní tún èyí tí ó ti wọlé ṣe. Ìwé tí wọ́n fi ọwọ́ kọ ni wọn yóò gbé wá, kí wọ́n sì yẹ gbogbo ọjọ́ tí kò kọjá 12 nínú oṣù wò, lọ́kọ̀ọ̀kan.