Orin fún ọ̀rẹ́ tó lọ

Ẹ̀yin akọrin Tokpota, níbí ní Àjàṣẹ́, bí ẹ bá ń kọ orin tí ẹ ó fi sin ọ̀rẹ́ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó gùn. Ẹsẹ méjì tó dárúkọ olóògbé, tó sọ ìwà rẹ̀, ti tó. Kí ohùn orin sì tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀: lédè Yorùbá àti Ègùn, bí ohùn bá yí, ìtumọ̀ yí nìyẹn. Ó ti pẹ́ tí àwọn ọdẹ ti mọ bí a ṣe ń fi orin sin ọ̀rẹ́. Ìrèmọ̀jé, orin arò wọn, ni wọ́n ń sun níbi ìṣípà, ìyẹn ètò ìkẹyìn fún ọdẹ ẹgbẹ́ wọn tó kú. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí níbòmíràn: ní 1881, Brahms, olórin ará Jámánì, parí orin arò tó ń jẹ́ Nänie ní ìrántí Feuerbach, ayàwòrán tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, a sì ń kọ ọ́ lórin títí dòní. Ẹ kọ tiyín náà sílẹ̀.