Olówùú inú dánfó: Bí àwọn obìnrin Alímọ̀ṣọ́ ṣe ń hun fìlà nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí èèyàn pọ̀ sí jù l'Ékòó, kó má wulẹ̀ da ara ẹ̀ láàmú lọ sí Ìsàlẹ̀ Èkó tàbí Sùúrùlérè, Alímọ̀ṣọ́ ni kó kọjú sí. Lọ́dún 2006 tíjọba àpapọ̀ ka èèyàn, 1,277,714 ni wọ́n láwọn bá níbẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó yarí, wọ́n ní àwọn ò gbà, pé àwọn náà ka tàwọn, 2,047,026 làwọn rí. Èyí tó bá wu kálukú ni kó gbà gbọ́ nínú méjèèjì, kò sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn l'Ékòó tó tó Alímọ̀ṣọ́, yálà nínú ìwé ti àpapọ̀ tàbí nínú ti ìpínlẹ̀.

Kí ló kó gbogbo èèyàn yìí jọ síbẹ̀? Ilé ni. Owó ilé n'Íkòtún, n'Ígándò àti l'Áyọ̀bọ́ ò tó ti Ìkẹjà, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ Lẹ́kí. Àwọn ẹ́sítéètì tíjọba kọ́ sápá ibẹ̀, irú bíi Gowon, Shagari àti Abẹ́sàn-án, fa ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ wá. Ṣùgbọ́n ilé làwọn èèyàn rí, wọn ò rí iṣẹ́ mọ́ ọn. Iṣẹ́ wà n'Íkẹjà, ó wà l'Ápápá, ó wà l'Érékùṣù. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé kí aago márùn-ún ìdájí tó lù, èrò ti kún Ìyànà-Ìpájà fọ́fọ́, bí ẹni pé wọn ò sùn rárá.

Ọ̀nà mẹ́ta gbòógì ni wọ́n ń bá jáde. Àwọn ará Ẹ̀gbẹ́dá á gba Ìyànà-Ìpájà, wọ́n á já sí Dópẹ̀mú, wọ́n á máa rọra wọ́ lọ títí dé Òṣòdì. Àwọn ará Ìkòtún á gba Éjìgbò, níbi táwọn tánkà tó wá gbépo ní dẹ́pò NNPC ti máa ń dí ọ̀nà, kí wọ́n tó bọ́ sí Ìsọlọ̀ àti Sẹ́lẹ̀. Àwọn ará Ìgándò lè yíjú sí ọ̀nà LASU, kí wọ́n já sí Ìyànà-Ìbá, kí wọ́n tibẹ̀ wá Mile 2 lọ, níbi tí rélùwéè aláwọ̀ búlúù ti ń gbé èrò lọ sí Marina láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Rélùwéè aláwọ̀ pupa tóun náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò lóṣù kẹwàá ọdún 2024, Àgbádó, Ìjú, Àgége àti Ìkẹjà ló ń bá lọ sí Oyíngbò. Kò dé Ìkòtún, kò dé Ìgándò. Ẹni tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ láti ibẹ̀, àfi kó kọ́kọ́ bá dánfó wọ̀yá ìjà ná.

Inú dánfó yìí gan-an làwọn obìnrin kan ti ń dárà. Bí ọkọ̀ bá ti dúró tí kò lọ mọ́, táwọn kan ń sùn, táwọn kan ń wo fóònù, tí ẹlòmíì ń bá dẹ́rẹ́bà jà, wọ́n á fa báàgì wọn yọ, wọ́n á mú òwú jáde pẹ̀lú ìkọ́ kíróṣè, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í hun nǹkan. Olówùú ni irú wọn. Kì í ṣe Olówu tó ń jọba l'Ábẹ́òkúta o! Olówùú tibí yìí ò ní adé, fìlà ọmọ ọwọ́ ló ní. Tíṣà lè wà nínú wọn, nọ́ọ̀sì lè wà nínú wọn, akọ̀wé ọ́fíìsì náà sì lè wà níbẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ tí wọ́n fi ń jẹun. Ohun tí wọ́n kàn fẹ́ràn ni.

Àwọn tó bá rí wọn máa ń sọ pé àkókò wọn pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Irọ́ gbuu! Àkókò ni wọn ò ní. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ wò. Obìnrin tó bá ń lo wákàtí méjì ní àlọ, tó lo méjì ní àbọ̀, wákàtí mẹ́rin lójúmọ́ nìyẹn. Fún ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ó di ogún wákàtí. Bó bá ṣiṣẹ́ fún àádọ́ta ọ̀sẹ̀ lọ́dún, 1,000 wákàtí ló fi jókòó sínú ọkọ̀. Ẹ pín in sí wákàtí 24 tó wà nínú ọjọ́ kan, ó lé ní ọjọ́ 41. Oṣù kan àti ọjọ́ mẹ́wàá ó lé, tọ̀sán-tòru, nínú dánfó. Ta ni yóò dá a padà fún un? Ìjọba kọ́, ọ̀gá ibiṣẹ́ kọ́. Ohun tóun fúnra ẹ̀ bá rí gbà padà nínú ẹ̀ ló jẹ́ tiẹ̀.

Kíróṣè ló rọrùn jù láti ṣe nínú ọkọ̀, kì í ṣe ti onígi méjì, ìdí ẹ̀ ò sì le. Onígi méjì ń fẹ́ àyè. Nínú dánfó tí èèyàn mẹ́rin há sórí àga kan, ìgúnpá olówùú á máa gún ẹni ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ìyẹn sì lè dìjà. Bí ọkọ̀ bá wá kó sí kòtò, tí igi kan yọ, ọ̀pọ̀ ojú òwú tó wà lórí ẹ̀ lè já sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kíróṣè ò rí bẹ́ẹ̀. Ìkọ́ kan ṣoṣo tí kò gùn ju bírò lọ ni, ojú òwú kan péré ló sì máa ń dúró lórí ẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá parí ọ̀kan kí wọ́n tó kan òmíì. Bí kọ́ńdọ́ bá ké pé "ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o," olówùú á fa ojú yẹn gùn díẹ̀ kó má baà tú, á ti gbogbo ẹ̀ bọ inú báàgì, á sanwó, á tún mú un jáde.

Fìlà ọmọ tuntun ló yá jù láti hun. Orí ọmọ jòjòló máa ń tó bíi sẹ̀ǹtímítà 35 yíká. Àárín àtàrí ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á hun ún yíká pẹrẹsẹ bí àwo, wọ́n á máa fi ojú kún ojú lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Bó bá ti fẹ̀ tó, wọn ò ní fi kún un mọ́, fìlà náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ wá sísàlẹ̀ fúnra ẹ̀. Iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìkòtún lọ́jọ́ Ajé lè parí ní Sẹ́lẹ̀ lọ́jọ́rú.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àṣà òyìnbó lásán ni wọ́n ń kọ́. Òótọ́ ni pé ilé-ìwé àwọn míṣọ́nnárì ní ọwọ́ ńlá nínú ẹ̀. Ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin tí ìjọ CMS dá sílẹ̀ l'Ékòó lọ́dún 1869, tó padà di St. Anne's n'Íbàdàn, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá ńlá wa ti ní òfì tó dúró gbọọrọ nínú ilé kí òyìnbó tó dé. Orí ẹ̀ ni wọ́n ti ń hun kíjìpá. Wọ́n á gbé ọbẹ̀ kaná, wọ́n á hun díẹ̀, ọmọ á sunkún, wọ́n á lọ fún un lọ́yàn, wọ́n á tún padà wá. Àárín iṣẹ́ méjì ni wọ́n ti ń rí àyè. Ohun tí olówùú inú dánfó náà ń ṣe nìyẹn, òfì ẹ̀ ló kàn ní táyà mẹ́rin nídìí.

Ọ̀rọ̀ owó wá ńkọ́? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti le. Ọ̀pọ̀ wúùlù tí wọ́n ń tà lọ́jà wa kì í ṣe irun àgùntàn, akírílíìkì ni, inú epo rọ̀bì ni wọ́n sì ti ń ṣe é. Ó dáa fún ọmọdé, nítorí ó ṣeé fọ̀ dáadáa, kì í sì í súnkì. Bí èèyàn bá béèrè wúùlù lọ́jà Ìkòtún, kó yáa ṣàlàyé ara ẹ̀ kíákíá, torí ìyá ọlọ́jà lè kó èyí tí wọ́n fi ń dirí síwájú ẹ̀, ìyẹn Brazilian wool. Ẹni tó bá fẹ́ ṣa oríṣiríṣi àwọ̀, àfi kó dé Balógun tàbí Tẹ́júoṣó. Ní 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ orí bẹntiróòlù ti lọ, owó ọkọ̀ sì fò sókè. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n jọ̀wọ́ náírà sílẹ̀ kó lọ wá iye ara ẹ̀ lọ́jà, dọ́là kan tó wà ní nǹkan bíi ₦460 sì fò kọjá ₦1,500 lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Bí owó ọkọ̀ ṣe ń gorí, bẹ́ẹ̀ ni owó òwú ń gorí, àpò kan ṣoṣo ni méjèèjì sì ti ń jáde.

Ohun tó sábà máa ń dá wàhálà sílẹ̀ nínú ilé nìyẹn. Bàálé á rí bọ́ọ̀lù òwú mẹ́ta lórí àga, á béèrè iye tí wọ́n rà á. Bí ìyàwó bá sọ ọ́, á ní, "Ìyẹn ò ṣé ra ata?" Bí kò bá sì bínú, ohun tó máa tẹnu ẹ̀ jáde ni pé, "Ṣé o máa tà á ni?" Gbogbo Èkó ló ń béèrè ìbéèrè yẹn. Ará ibiṣẹ́ á béèrè, ará ṣọ́ọ̀ṣì á béèrè, àbúrò náà á béèrè. Bí ẹni pé èèyàn ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe nǹkan kan láyé yìí, àfi tówó bá wà nídìí ẹ̀.

Àwọn tó gbìyànjú láti tà á mọ ohun tójú wọn ń rí. Fìlà tí wọ́n fi wákàtí mẹ́fà hun, oníbàárà á dúnàá-dúrà ẹ̀ bíi ti òkírìkà. Kì í kúkú ṣe ẹ̀bi oníbàárà, nítorí Kàtàngówà, ọjà tí orúkọ ẹ̀ ti di ti òkírìkà, kò jìnnà sí wọn. Bí wọ́n bá yọ owó òwú kúrò, ohun tó kù fún ọwọ́ tó hun ún ò ní tó owó ọkọ̀ ọjọ́ kan. Bí ẹni mẹ́wàá bá sì wá kó iṣẹ́ sílẹ̀ tí wọ́n ń pè é lójoojúmọ́ pé "Màdámù, ṣé ó ti ṣetán?" ohun tó ń fún un nísinmi ti di ọ̀gá kejì nìyẹn. Ìyá tó ti ní ọ̀gá kan n'Íkẹjà, kí ló fẹ́ fi ìkejì ṣe?

Kì í ṣe pé gbogbo ìgbà ni kíróṣè ṣeé ṣe lójú ọ̀nà o. Lálẹ́, inú dánfó ṣókùnkùn, ojú ò ríran rí òwú. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn oníwàn-ṣáǹsì wà níta. Obìnrin tó bá tẹ orí sórí fìlà, tí kò mọ̀ pé ọkọ̀ ti yà kúrò lọ́nà, ó lè kó sí gbaga. Àwọn tó gbọ́n nínú wọn, àárọ̀ ni wọ́n ń hun tiwọn. Bó bá di àṣálẹ́, òwú á sùn nínú báàgì, ojú á là sílẹ̀ kedere. Bí wọ́n bá sọ̀ n'Ígándò, tí wọ́n wá gun ọ̀kadà wọ àdúgbò, ọwọ́ á di báàgì mú ṣinṣin, kò sẹ́ni tó ń hun fìlà lórí ìyẹn.

Ilé tún wá ní tiẹ̀. Obìnrin tó jáde láago márùn-ún, tó wọlé láago mẹ́jọ alẹ́, ìgbà wo ló fẹ́ rí ọmọ? Oúnjẹ ń dúró, àṣetiléwá ń dúró, iná sì lè má sí. Kíróṣè ò bèèrè iná NEPA, ìyẹn ni wọ́n fi ń rí i ṣe lálẹ́ lẹ́bàá tọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n ọmọ tó ti ń retí ìyá ẹ̀ látàárọ̀ ò fẹ́ rí òwú. Bó bá fi ìbínú fa ìdí òwú yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí kò sẹ́ni tó rí i, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan lè tú pátá. Bẹ́ẹ̀ kẹ́ẹ̀, kò sí ohun tó burú jù níbẹ̀, òwú tó bá tú ṣì ṣeé hun. Ọjọ́ ọmọdé tó bá lọ ni kì í padà.

Ìdí nìyẹn táwọn kan fi ń ya Sátidé sọ́tọ̀. Wọ́n á jókòó síwájú ilé, wọ́n á fún ọmọ ní ìkọ́ tiẹ̀, ọkùnrin àti obìnrin, wọ́n á kọ́ wọn ní bí wọ́n ṣe ń so ẹ̀wọ̀n òwú. Ojú àkọ́kọ́ á fún jù, èkejì á dẹ̀ jù, ọmọ á rẹ́rìn-ín, ìyá náà á rẹ́rìn-ín. Bó bá jẹ́ Sátidé òde, tí wọ́n ń lọ ṣe ìnáwó n'Íjẹ̀bú tàbí l'Ábẹ́òkúta, inú ọkọ̀ ni wọ́n á ti máa bá a lọ, ìyá ń hun, ọmọ ń ka ojú òwú fún un. Ọ̀nà kan náà tó ń gba ìyá lọ́wọ́ ọmọ látọjọ́ Ajé, ó dá wọn padà fún ara wọn lọ́jọ́ náà.

Ibi tí òwú yìí ń padà já sí nìyí. Lọ́jọ́ kẹjọ tí wọ́n bímọ sílé ìkejì, wọ́n á pe olówùú, á gbé fìlà kékeré kan dání àti sòkísì tó bá a mu. Ìyá ọmọ á kí i títí. Bàbá àgbà á béèrè pé èló ló rà á, wọ́n á ní kò rà á, ó hun ún ni. Wọ́n á fi dé ọmọ lórí, ọmọ á yán, á sùn padà. Kò mọ Éjìgbò, kò mọ tánkà, kò sì mọ̀ pé nínú ariwo kọ́ńdọ́ àti èéfín mọ́tò ni wọ́n ti hun fìlà tó wà lórí òun.